Àyè Kosara Lórí Bẹ́ńṣì

Ẹni tó bá ní ìlú kékeré kì í lófin, kò tíì gbé Topolnik rí. Ìwé òfin tí ìjọba tẹ̀ wà ní ọ́fíìsì ìgbìmọ̀ ìlú, eku ti jẹ ìdajì rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bá eku wí. Òfin tí tọmọdé tàgbà mọ̀ lórí ni òfin ìrìn ìrọ̀lẹ́. Láti ìgbà tí yìnyín bá ti yọ́ títí wọ́n á fi ká èso àjàrà tán, bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ bá ti lù, kẹ̀kẹ́ ẹṣin ò gbọdọ̀ gba òpópónà ńlá kọjá mọ́. Gbogbo ìlú á ti bọ́jú, wọ́n á ti nu bàtà wọn kó máa dán, wọ́n á bọ́ síta, wọ́n á máa rìn láti ilé ìfìwéránṣẹ́ dé ẹsẹ̀ afárá. Ọ̀ọ́dúnrún mítà ni. Bí wọ́n bá dé afárá, wọ́n á yí padà, wọ́n á rìn ín bọ̀, wọ́n á tún yí padà, títí di aago mẹ́jọ. Kò sẹ́ni tó ń lọ síbì kankan. Wọ́n kàn ń rìn, wọ́n ń fi eyín la kóró òdòdó oòrùn jẹ, wọ́n sì ń wo ara wọn.

Ọwọ́ ọ̀tún ni ti àwọn tí kò tíì lọ́kọ tàbí láya, lábẹ́ àwọn igi tí òdòdó wọn máa ń ta sánsán bí oṣù kẹfà bá dé. Ọwọ́ òsì, níwájú ilé olóògùn, ni ti àwọn tọkọtaya. Obìnrin kì í dá rìn. Obìnrin méjì ló máa ń fapá kọ́ra, tàbí mẹ́ta bí ọ̀kan nínú wọn bá ní ẹjọ́ tó pọ̀ láti rò. Ọkùnrin lè wá bá obìnrin rìn láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì lẹ́ẹ̀kan, ìkíni lásán nìyẹn. Bó bá rìn ín lẹ́ẹ̀mejì, a jẹ́ pé ó ní in lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ní ìparí ẹ̀ẹ̀mejì yìí, níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́, ọkùnrin tó bá mọ̀wọ̀n ara rẹ̀ á ṣí fìlà, á dágbére, torí bó bá fi lè yí padà bá a rìn ín lẹ́ẹ̀kẹta, ó ti fẹ́ ẹ sọ́nà nìyẹn lójú gbogbo ayé. Ìyá ọmọ á sáré lọ sílé, á lọ gbé aṣọ tábìlì tó dára jù jáde.

Níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́ yìí kan náà ni bẹ́ńṣì gbọọrọ kan wà, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ ewé. Àwọn opó ló ń jókòó síbẹ̀, àti àwọn obìnrin tí kò rọ́kọ fẹ́ tí ọjọ́ orí sì ti lọ. Ẹnì kan ò fipá mú wọn. Bó bá ti tó àkókò lójú àwọn tó wà níbẹ̀, wọ́n á sún kẹ́rẹ́, àyè kan á ṣí sílẹ̀, wọ́n á sì máa wo onítọ̀hún tàánú-tàánú títí yóò fi wá fìdí kàn án. Ẹni tó bá sì ti jókòó, kì í dìde rìn mọ́ títí ayé. Wọ́n á ní, "Lágbájá ti jókòó," ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì parí síbẹ̀.

Ní ọdún 1957, nígbà tí ewé tuntun ń yọ, wọ́n sún fún Kosara.

Ẹni ọdún mọ́kàndínlógójì ni Kosara. Ìbọ̀sẹ̀ náílọ́nì ló máa ń tún ṣe. Ní àkókò yẹn, ìbọ̀sẹ̀ náílọ́nì ò pọ̀ bíi ti òde òní. Obìnrin tó bá ní ẹyọ kan, ó lè jẹ́ pé ìbátan rẹ̀ tó wà lókè òkun ló fi ránṣẹ́, bí òwú rẹ̀ bá sì já tó là láti kókósẹ̀ dé orúnkún, ẹkún ni. Wọ́n á gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti onígbàjámọ̀. Kosara á na ibi tó ya sórí ẹnu ife, á mú abẹ́rẹ́ kan tí orí rẹ̀ tẹ̀ bí ìwọ̀, tó tín-ín-rín bí irun ìpéǹpéjú, á máa ṣa òwú náà lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi dí. Láti òwúrọ̀ ni yóò ti tẹ̀ba sórí iṣẹ́ lábẹ́ iná. Bó bá máa fi di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ á ti gan. Àfi ìgbà tó bá bọ́ sí òpópónà tí ẹ̀yìn náà bá nà, tí ojú rẹ̀ bá là, ni yóò máa rẹ́rìn-ín, kódà sí ẹni tí kò kí i.

Kò lọ́kọ nítorí ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀ àìsàn fún ọdún mẹ́rìnlá, òun nìkan ló sì ń tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi sin ìyá tán, ọmọ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń lọ iléèwé. Àwọn ènìyàn rò pé ìyẹn ló ń dùn ún. Kò dùn ún tó bẹ́ẹ̀. Ìrìn yẹn gan-an ni kò fẹ́ kí wọ́n gbà lọ́wọ́ òun.

Fún ọdún mọ́kànlélógún, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Vidosava ló ń bá a rìn. Ní oṣù kẹta ọdún tí à ń wí yìí, òṣìṣẹ́ rélùwéè kan dé láti ìlú Niš, ó fẹ́ Vidosava, ó sì kó o lọ. Kosara jó níbi ìgbéyàwó náà títí gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀ fi yọ. Ọjọ́ kejì ló tó yé e pé òun ò rẹ́ni fapá kọ́ mọ́. Gbogbo obìnrin tó kù ló ti ní ẹnìkejì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i láti orí bẹ́ńṣì.

Leposava lorúkọ ẹ̀gbọ́n ìyá yìí. Ogun ńlá àkọ́kọ́ ló gba ọkọ rẹ̀. Ó ti di ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, òun sì ni olórí bẹ́ńṣì. Ẹ má rò pé obìnrin burúkú ni. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, bí ti Leposava ṣe rí nìyẹn. Ó sún, ó ní kí àwọn yòókù sún, ó tilẹ̀ rán tìmùtìmù kékeré kan sí àyè tó ṣí náà kí igi má baà máa gún ọmọ àbúrò òun nídìí.

"Wá jókòó, ọmọ mi," ó ní. "Ẹsẹ̀ rẹ ti ṣiṣẹ́ tó."

Kosara ní òun ń bọ̀, òun fẹ́ ra sítáǹbù ni. Ó wọ ilé ìfìwéránṣẹ́ lọ, ó ra sítáǹbù kan. Ní ọjọ́ kejì, ó tún ra òmíràn. Fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko, aago mẹ́fà kì í lù kí Kosara má jáde nílé rẹ̀ lọ ra sítáǹbù. Ogójì ìṣísẹ̀ ló wà láti ilé rẹ̀ débẹ̀. Ó máa ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, kó lè pẹ́. Akọ̀wé ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún àwọn ènìyàn pé Kosara ní olólùfẹ́ kan ní Amẹ́ríkà, lẹ́tà sì ni wọ́n ń kọ síra wọn lójoojúmọ́. Kosara ò ní ẹni tó ń kọ lẹ́tà sí. Inú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀ ló ń kó sítáǹbù náà sí, lórí aṣọ ìnujú.

Ibi tó ti ń ra sítáǹbù lọ́jọ́ kan ni Gvozden ti bá a.

Ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ni Gvozden, ìyàwó rẹ̀ ti kú. Orí òkè ló ti wá, níbi tí ilé kan fi jìnnà sí èkejì tó jẹ́ pé èèyàn gbọ́dọ̀ pariwo kó tó lè yá iyọ̀. Níbẹ̀, ẹni tó bá ń rìn, ẹrù wà lórí rẹ̀ tàbí àgùntàn wà níwájú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń rìn lásán. Wọ́n rán an wá sí Topolnik láti máa bójú tó òṣùwọ̀n ní ibùdókọ̀ rélùwéè, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti ń wọn bíìtì tí wọ́n fi ń ṣe ṣúgà. Ọ̀sẹ̀ kan péré ló tíì lò nílùú, inú ilé ìyá arúgbó kan tí etí rẹ̀ ti di pátápátá ló sì wọ̀ sí. Àlejò lójú, kò fi ríran, tìtorí bẹ́ẹ̀ ni kò fi mọ nǹkan kan.

"Ẹ jọ̀wọ́, màdáàmù," ó ní, "níbo lèèyàn ti lè rìn nílùú yìí, ibi tó tẹ́jú? Dókítà ní kí n máa rin kìlómítà mẹ́ta nírọ̀lẹ́. Ó ní bí mi ò bá rìn ín, ọkàn mi á dá iṣẹ́ sílẹ̀."

Kosara wò ó. Lẹ́yìn rẹ̀, lójú fèrèsé, nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ènìyàn ló ń rìn.

"Ibí náà ni wọ́n ti ń rìn," Kosara ní.

"Ó tún ní kí n má dá rìn, torí bí mo bá ṣubú. Ṣé ẹ lè bá mi rìn díẹ̀?"

Díẹ̀ náà ló pè é. Kosara ronú pé ẹ̀ẹ̀kan ò burú, ìkíni lásán ni. Ó kọ́ ọ lápá, wọ́n bọ́ síta, wọ́n gba abẹ́ igi lọ. Gvozden ń sọ̀rọ̀ nípa yìnyín òkè àti nípa ìyá ìyàwó rẹ̀ tó máa ń fi ìbọn lé ìkookò. Wọ́n dé afárá, wọ́n yí padà. Ẹ̀ẹ̀mejì náà ò burú, èèyàn lè ní ẹnìkan lọ́kàn láìsí pé ó dẹ̀ṣẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà dé iwájú ilé ìfìwéránṣẹ́, Kosara dúró kí ọkùnrin náà ṣí fìlà. Gvozden ò ní fìlà. Ó họrí.

"Ó ku mẹ́jọ," ó ní, ó sì yí padà.

Leposava di kóró òdòdó oòrùn kan mú láàárín eyín, kò là á. Kosara la ẹnu láti kí i pé ó dàárọ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yí padà ná. Ó mọ ohun tó ń ṣe. Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́: ọkùnrin yẹn ò mọ̀, òun mọ̀. Ó gbọ́ òórùn ewé tuntun lára àwọn igi, ẹ̀yìn rẹ̀ ti nà, ó ti tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ó sì lọ.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta parí. Ẹ̀kẹrin tẹ̀ lé e. Nígbà tó fi di ẹ̀kẹfà, àwọn tọkọtaya tó wà lápá òsì ti dẹ́kun ìrìn, wọ́n tò sójú kan bí ẹni ń wo ológun tó ń kọjá. Onígbàjámọ̀ fi oníbàárà kan sílẹ̀ tòun ti ọṣẹ lẹ́rẹ̀kẹ́, ó jáde wá sẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tí ìfẹ́ pa jù láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ Topolnik dó, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló rìn. Kosara àti àlejò rìn ín lẹ́ẹ̀mẹwàá. Lẹ́yìn náà, Gvozden dúpẹ́, ó ní ara òun ti fúyẹ́, ó béèrè bóyá wọ́n á tún rìn lọ́la.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, obìnrin mọ́kànlá ló gbé ìbọ̀sẹ̀ tí kò ya wá sí ṣọ́ọ̀bù Kosara. Wọ́n kàn fẹ́ rí ojú rẹ̀ ni. Kó tó di ọ̀sán, Leposava wọlé pẹ̀lú aṣọ tábìlì tí ìyá ìyá Kosara fi òwú funfun hun. Ó tẹ́ ẹ sórí ìbọ̀sẹ̀ àwọn oníbàárà, ó sì béèrè pé ìgbà wo.

"A ò tíì mú ọjọ́, Màmá," Kosara dáhùn.

Bí a bá gbé ọ̀rọ̀ yẹn yẹ̀wò, òótọ́ ni, wọn ò mú ọjọ́ kankan. Ṣùgbọ́n Kosara mọ̀ pé irọ́ lòun pa, ó sì pa á fún ẹni tó fẹ́ràn òun.

Àṣà kan ló bò ó láṣìírí. Ní Topolnik, ẹnì kan kì í bá ọkùnrin yọ̀ lórí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ àfi bí ìdílé obìnrin bá ti pè é wálé, tí wọ́n fún un ní ṣíbí kan èso plọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ṣúgà sè àti ife omi tútù. Ẹni tó bá yọ̀ ṣáájú, ó ń fa orí burúkú. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan fún Gvozden. Wọ́n kàn ń rẹ́rìn-ín sí i. Olóògùn ń rẹ́rìn-ín sí i, àgbẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sí i, àlùfáà gbọn ọwọ́ rẹ̀ títí. Gvozden kọ lẹ́tà sí àbúrò rẹ̀ obìnrin pé kò tíì sí ìlú tí inú àwọn ará ibẹ̀ dùn tó èyí tí òun bá ara òun yìí.

Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń rìn ín lẹ́ẹ̀mẹwàá. Kosara ń gbádùn rẹ̀, ó sì ń bẹ̀rù. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a, ti Kosara ò sì tó ogún ọdún, ọjọ́ mọ́kànlá ni. Ní Fúráídè, Leposava ní òun ti se plọ́ọ̀mù náà tán. Bí ilẹ̀ Sátidé bá mọ́, òun yóò lọ fẹnu ara òun pe Gvozden wá sílé ní Sọ́ńdè. Kosara mọ̀ nígbà náà pé ìrọ̀lẹ́ yẹn ló kù. Bí kò bá sọ fún un, ó máa wọ ilé àwọn ènìyàn, wọ́n á gbé ṣíbí fún un, yóò sì wá mọ̀ lójú gbogbo ẹbí pé wọ́n ti mú òun bí ẹni fi tàkúté mú ẹyẹ. Ó sàn kí òun jókòó sórí bẹ́ńṣì jù kí òun ṣe èèyàn bẹ́ẹ̀.

Ó dúró títí wọ́n fi parí ẹ̀ẹ̀karùn-ún. Orí afárá ni wọ́n wà.

"Ọ̀gá Gvozden," ó ní, "ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá yín sọ. Bí mo bá sọ ọ́ tán, tí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ máa lọ. Mi ò ní bínú."

Ó sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ ti ẹ̀ẹ̀kan, ti ẹ̀ẹ̀mejì, ti ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó sọ pé òun mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Gvozden gbọ́ ọ, kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta péré?" ó béèrè.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta."

"A sì rin mẹ́wàá lọ́jọ́ àkọ́kọ́."

"A rin mẹ́wàá. Wọ́n ní àwọn ò rí irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ rí."

Gvozden fọwọ́ di irin afárá mú, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó rín in títí omi fi dà lójú rẹ̀, títí ẹ̀rù fi ba Kosara pé ọkàn tí dókítà ń tọ́jú ti fẹ́ bọ́. Nígbà tó parí, ojú rẹ̀ yí padà. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò pè é ní "ẹ" mọ́.

"Stanija lorúkọ ìyàwó mi," ó ní. "Ọdún kẹrin rèé tó ti lọ. Bí mo bá dùbúlẹ̀ báyìí, mo ṣì máa ń sún sí ẹ̀gbẹ́ kan fún un. Mi ò lè fẹ́ ẹlòmíràn, Kosara. Mi ò ní tàn ọ́ jẹ."

"Mi ò ní kẹ́ ẹ fẹ́ mi." Kosara yẹ inú ara rẹ̀ wò bóyá òótọ́ ni. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, òótọ́ ni. "Ìrìn ni mo fẹ́. Látàárọ̀ ni mo ti ń tẹ̀ba sórí abẹ́rẹ́. Ìrọ̀lẹ́ yìí nìkan ni mo ní tó jẹ́ tèmi. Bí ẹ bá lọ, wọ́n á mú mi jókòó."

"Kó o jókòó síbo?"

Kosara tọ́ka. Láti orí afárá, bẹ́ńṣì náà kéré, ṣùgbọ́n èèyàn lè rí àwọn obìnrin aláṣọ dúdú tó tò lé e lórí, àti àyè tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ Leposava. Gvozden wò ó pẹ́.

"Àfẹ́sọ́nà ńkọ́? Ṣé òun náà máa ń jókòó?"

"Rárá o. Àfẹ́sọ́nà máa ń rìn ni."

"Títí dìgbà wo?"

"Títí dọjọ́ ìgbéyàwó."

"Ta ló ṣe é pẹ́ jù nílùú yín?"

"Ọmọ olóògùn. Ọdún méjì, torí pé wọ́n mú ọkọ rẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ ológun."

"Ṣé òfin wà pé kò gbọdọ̀ ju ọdún méjì lọ?"

Kosara ronú sí i. Ó ro gbogbo òfin Topolnik láti èyí tó kẹ́yìn dé èyí tó ṣáájú. Kò sí ẹni tó tíì béèrè irú rẹ̀ rí.

"Kò sí," ó ní.

"Ó dáa." Gvozden na apá rẹ̀ sí i. "Ó ku márùn-ún."

Ní Sọ́ńdè, ó wọ kóòtù, ó lọ sílé Leposava. Ó gbé ṣíbí plọ́ọ̀mù mì, ó mu omi, ó nu irunmú. Gbogbo ẹbí ń wò ó. Leposava ò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀, ó béèrè ọjọ́.

"Màmá," Gvozden dáhùn, "ọjọ́ tí dókítà bá ní kí n má rìn mọ́, ọjọ́ náà la máa mú ọjọ́. Ọlọ́run kó bá mi san oore fún un."

Ní Túsìdeè, Leposava wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ìlú tí dókítà náà wà. Ó padà dé nírọ̀lẹ́, ó bínú jáde nínú bọ́ọ̀sì, ó sì ròyìn fún gbogbo bẹ́ńṣì pé alákọrí dókítà náà ní ọkùnrin yẹn gbọ́dọ̀ máa rìn títí yóò fi kú. Àwọn obìnrin ká ọwọ́ lérí. Kí lèèyàn tún lè ṣe sí ọ̀rọ̀ dókítà?

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá a lọ. Ní ọdún àkọ́kọ́, gbogbo ìlú ń retí. Ní ọdún kẹta, àwọn tó ti ra aṣọ de ìgbéyàwó náà fi rán kọ́tìnì. Nígbà tó fi di ọdún keje, ó ti di àṣamọ̀: bí káfíńtà bá gba iṣẹ́ tí kò ṣe é parí, wọ́n á bi í pé ṣé ìgbéyàwó Kosara ni. Kosara gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín. Ó ra fìlà kan fún Gvozden, ó ní ọkùnrin tí kò ní fìlà ni kì í mọ ìgbà tó yẹ kó dágbére. Gvozden dúpẹ́, ó fi fìlà náà kọ́ ara ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ̀, kò sì dé e rí. Abẹ́ igi náà ni wọ́n ń rìn, lápá àwọn tí kò tíì gbéyàwó, láàárín àwọn ọmọ iléèwé tí wọn ò tíì bí nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni irun orí wọn ti funfun. Inú wọn dùn, kò sì sẹ́ni tó lè ní kí Kosara jókòó.

Ó di ọdún 1970. Tẹlifíṣọ̀n ti wọ ilé púpọ̀, àwọn tó ń jáde rìn sì ti dín kù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí ojú ọjọ́ bá dára, ọ̀nà ṣì máa ń kún díẹ̀. Ti bẹ́ńṣì ló burú. Ọdọọdún ni ikú ń mú ẹnì kan níbẹ̀, kò sì sí ọ̀dọ́ tó ń gbọ́ ti pé kóun wá jókòó mọ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, Leposava nìkan ló kù. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin ni. Á jókòó láàárín bẹ́ńṣì gbọọrọ náà nínú aṣọ dúdú rẹ̀, kò ní ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀, á máa wo ènìyàn.

Kosara kì í lè wo apá ibẹ̀ dáadáa mọ́. Ohun tí ojú ayé kò lè fipá mú un ṣe, àánú ti fẹ́ mú un ṣe é. Ó ti pé ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta, ó sì sọ fún Gvozden pé bí Màmá bá fi lè bẹ òun, òun máa jókòó, òun ò ní lè sọ pé rárá. Gvozden di apá rẹ̀ mú gírígírí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bí wọ́n ṣe parí ẹ̀ẹ̀mejì tí wọ́n fẹ́ yí padà, Leposava pè é.

"Kosara, wá."

Kosara fi apá Gvozden sílẹ̀, ó lọ dúró níwájú bẹ́ńṣì. Àyè wà lọ́tùn-ún, àyè wà lósì, kò tilẹ̀ sídìí fún ẹnikẹ́ni láti sún.

"Mo ti mọ̀ láti Sọ́ńdè tó wá jẹ plọ́ọ̀mù," Leposava ní. "Ọkùnrin tó ń kánjú àtigbéyàwó kì í ṣàdúrà fún dókítà tó ń dá a dúró."

Kosara ní, "Màmá, ẹ wọ bọ́ọ̀sì lọ bá dókítà. Ẹ bínú débi pé ẹ gbàgbé agbòjò yín sínú bọ́ọ̀sì."

"Ta lo rò pé mo bínú fún? Ìlú ni mo ṣe bí ẹni bínú fún, kí wọ́n lè gbà. Mi ò tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ dókítà kankan. Ilé ìbátan mi kan ni mo lọ, a mu kọfí." Ó gbé ojú kúrò lára rẹ̀. "Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà tí ìyá ọkọ mi sún fún mi níhìn-ín. Mo rò pé bí ayé ṣe rí nìyẹn, mo sì sún fún ìwọ náà. Nígbà tí mo wá rí i tí ẹ kọjá lẹ́ẹ̀mẹwàá, mo ní, ó dáa, ẹnì kan ti bọ́."

Omi lé sójú Kosara. Ó ní, "Màmá, ṣé kí n wá bá yín jókòó?"

"Wèrè ni ọ́? Gbé mi dìde."

Kosara wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ẹni tó bá ti jókòó kì í dìde rìn mọ́, tọmọdé tàgbà ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Gvozden ti dé, ó ti bẹ̀rẹ̀, ó ti na apá kan. Kosara na èkejì. Leposava gbára lé wọn, ó dìde, orúnkún rẹ̀ dún, ó tún aṣọ orí rẹ̀ so, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì bọ́ sí àárín òpópónà.

Àwọn tó ń bọ̀ rí i, wọ́n dúró ná. Ní Topolnik, ẹni tó jókòó, orí lásán ni wọ́n ń mì sí i. Ẹni tó ń rìn ni wọ́n ń ṣí fìlà fún. Onígbàjámọ̀ ló kọ́kọ́ pàdé wọn. Ó wo Leposava, ó wo Kosara, kò mọ èyí tí yóò ṣe, ọwọ́ rẹ̀ sì lọ sókè fúnra rẹ̀. Ó ṣí fìlà. Ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ tẹ̀ lé e, ó ṣí tirẹ̀. Olóògùn tó wà lápá òsì rékọjá wá sí apá ọ̀tún kí ó lè ṣí tirẹ̀ dáadáa, ó ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Màmá Leposava."

Leposava gbé orí sókè títí wọ́n fi rìn dé ìdajì ọ̀nà.

"Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí ọkùnrin ti ṣí fìlà fún mi kẹ́yìn," ó ní. "Ẹ má sáré. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí mi."

Wọ́n dẹ ẹsẹ̀ wọn. Nígbà tí wọ́n dé afárá, Kosara béèrè bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́, bóyá kí wọ́n wá kẹ̀kẹ́ tí yóò gbé e lọ sílé. Leposava ní kí wọ́n yí padà ní kíá, torí àwọn kan wà lọ́hùn-ún tí wọn ò tíì rí òun.